Òun Kọ́ Nìyẹn

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀,
afẹ́fẹ́ òkun Grimsby ń fi èékánná ha fèrèsé.
Mo ti pín oògùn tán, mo ti po tíì,
mo ti gbé àga mẹ́fà kojú sí tẹlifíṣọ̀n,
nítorí òkú tí gbogbo wa fẹ́ràn ń bọ̀ wá jáde.

Ọdún mẹ́rin ló ti ń jáde látinú omi,
olùṣọ́ iná etíkun tí ìgbì gbé lọ,
tó máa ń padà wá kan ilẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀
nígbàkigbà tí òkun bá fà sẹ́yìn.
A mọ irùngbọ̀n rẹ̀, bí omi ṣe ń kán níbẹ̀ tó-tó-tó.
A mọ̀ pé èjìká òsì ló fi ń wọlé.

Lálẹ́ yìí ilẹ̀kùn dún. Ìyàwó ṣí i.
Ọmọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Ó wọ ẹ̀wù òkú wa, ó ń jẹ́ orúkọ òkú wa,
ìyàwó sì dì mọ́ ọn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Ta nìyí?" Harold Stamp ló pariwo,
ẹni tó fi ogójì ọdún pẹja lójú òkun Áísíláǹdì.
Ó sọ bisikíìtì lu tẹlifíṣọ̀n.
Maureen ní owó ni wọn ò fẹ́ san fún ti tẹ́lẹ̀.
Nọ́ọ̀sì Shanthi ní rárá o, ìyàwó ló tẹ̀ lé lọ sí Kánádà.
Wọ́n fà á títí tíì fi tutù.
Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó ń din ẹja ní òpópónà Freeman
já àwòrán ti àtijọ́ kúrò lára ògiri,
ó tún fi í kọ́ kó tó di ọ̀sán.
Èmi alára, kí n má purọ́,
mo sùn lọ́sàn-án, mo lálàá irùngbọ̀n.

Àkúdàáyà tiwa a máa gbé ojú àtijọ́ lọ sí ìlú tuntun,
á pa orúkọ dà, á fẹ́yàwó, á máa tajà,
títí ará ilé yóò fi ṣe kòńgẹ́ rẹ̀.
Èyí pa ojú dà, ó di orúkọ mú,
ó dúró sáàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n.
Irú òkú wo nìyẹn?

Mo ṣàlàyé fún Maureen pé lọ́dọ̀ wa
bàbá àgbà lè kú lónìí, kó padà dé lámọ́dún
láìní eyín, láìní irùngbọ̀n,
a ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, a ó ní ẹ káàbọ̀, bàbá.
Ó wò mí sùn-ùn.
"Ìyẹn kì í ṣe orí tẹlifíṣọ̀n," ó wí,
ó ní kí n bá òun wá sítáǹbù.

Winnie Thirkettle nìkan ni kò bínú.
Winnie tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́ láti Kérésì,
tó ń pè mí ní Danuta,
obìnrin Póláǹdì tó ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dé.
Lóṣù àkọ́kọ́ mo máa ń sọ pé, èmi kọ́, mà, Mojírádé ni.
Ní báyìí mo ń dáhùn.
Mo ti kọ́ bí Danuta ṣe ń gé búrẹ́dì ní onígun mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀ kejì, ọmọkùnrin náà tún kan ilẹ̀kùn.
Harold yí àga, ó kẹ̀yìn sí i.
Winnie na ìka, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
"Òun kọ́ nìyẹn," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.
Ó yíjú sí mi, ó wò mí pẹ́,
ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń wò mí lọ.
"Ìwọ náà kọ́."
Ó wá fọwọ́ gbá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
"Jókòó, jàre. Òtútù ń mú ọmọ yẹn níta.
Ẹ jẹ́ kó wọlé."